Ìṣirò Iná Mànàmáná: Bí A Ti Ń Fi Iye Méjì Mọ Iye Mẹ́rin

 Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀rọ̀ ìṣirò iná mànàmáná sí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná nìkan. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ohun tí mo sì mú wá síwájú yín kò ju ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ, èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé lè jó, ènìyàn sì lè kú, nítorí ìṣirò kékeré tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyàwó mi ń se omi nínú kẹ́tùlù oníná, èmi sì ń lọ aṣọ tí n óò wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ojú iná kan ṣoṣo ni ó wà lára ògiri iyàrá náà. Nítorí náà a so kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ wáyà àfàgùn kan tí ó gùn ní 20 mítà. Bí a kò ti nílò gbogbo gígùn rẹ̀, a ká a bí òṣùká, a sì tì í sí abẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òórùn ike tí ń jó gba gbogbo ilé. Mo fa orí wáyà náà yọ kúrò lára ògiri, mo sì wo abẹ́ tábìlì: ike tí ó bo wáyà náà ti yọ́, gbogbo ìká rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn di òkìtì kan. Iná kò ṣẹ́jú, fíúsì kò sì já. Àwọn aládùúgbò tí ó yọjú wí pé iná ni ó pọ̀ jù ní alẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ni a di ẹrù lé ohun tí kò lè rù ú, a kò sì wọn ẹrù náà kí a tó gbé e lé e. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, n óò padà sí ọ̀dọ̀ wáyà yẹn, èmi pẹ̀lú yín yóò sì wọ̀n ọ́n.

Ohun mẹ́rin ni a ní láti mọ̀. Ẹ fi ojú inú wo táńkì omi tí a gbé ka orí òpó gíga ní àgbàlá, tí páìpù sì ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé. Bí táńkì náà bá ti ga tó ni omi ṣe ń ní ìtaari tó nínú páìpù. Iná mànàmáná náà ní ìtaari, fóólìtì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ìṣàn, èyí tí í ṣe iye omi tí ń kọjá lójú páìpù láàárín àkókò kan. Ti iná ni a ń fi áńpíà wọ̀n. Ẹ̀kẹta ni ìdíwọ́. Páìpù tóóró a máa dí omi lọ́wọ́, èyí tí ó gbòòrò kì í sì í dí i tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni wáyà tín-ín-rín ń dí iná lọ́wọ́ ju wáyà títóbi lọ, wáyà gígùn sì ń dí i ju kúkúrú lọ. Óòmù ni a fi ń wọn ìdíwọ́. Ẹ̀kẹrin ni agbára, èyí tí í ṣe bí iná ti ń yára ṣe iṣẹ́ tó, ìbá à ṣe iṣẹ́ gbígbóná, ìbá à ṣe iṣẹ́ yíyí ẹ̀rọ. Wáàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Orúkọ ènìyàn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alessandro Volta ti ilẹ̀ Ítálì ni ó ṣe bátìrì tí ń mú ìṣàn iná tí kò dáwọ́ dúró wá, ní ọdún 1800. André-Marie Ampère jẹ́ ará ilẹ̀ Faransé, Georg Simon Ohm jẹ́ ará Jámánì. James Watt ti ilẹ̀ Skọ́tláńdì ni ó tún ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí ṣe, ó sì kú ní ọdún 1819, nígbà tí kò tíì sí ilé kan ní ayé tí a fi iná mànàmáná tàn. Níbi ìpàdé ńlá tí àwọn onímọ̀ iná ṣe ní Páríìsì ní ọdún 1881 ni a ti fi orúkọ fóólìtì, áńpíà àti óòmù múlẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Wáàtì sì tẹ̀lé wọn ní ọdún 1889.

Nínú àwọn mẹ́rin wọ̀nyí, Ohm ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù lọ lónìí. A bí i ní ìlú Erlangen ní ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ tí ń rọ àgádágodo ni baba rẹ̀. Baba náà kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò nínú ilé. Ní ọdún 1817 Ohm di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Cologne, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí wáyà ti ń gba iná kọjá. Bátìrì ìgbà náà yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, nítorí bí ó ti ń lò ó ni ìtaari rẹ̀ ń yí padà, ta ni ó sì lè fi òṣùwọ̀n tí ń yí padà wọn ohunkóhun? Nítorí náà ó so irin bismuth àti bàbà pọ̀ ní ojú méjì, ó fi ojú kan sínú omi tí ń hó, ó sì fi ojú kejì sínú yìnyín. Ooru omi híhó kì í yí padà, òtútù yìnyín tí ń yọ́ kì í sì í yí padà. Nítorí náà ìtaari tí ó ti àárín wọn jáde dúró gbọnin. Lẹ́yìn èyí ó mú wáyà oríṣìíríṣìí gígùn, ó ń so wọ́n mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ iye ìṣàn sílẹ̀.

Ohun tí ó rí ní ọdún 1826 nìyí: bí ìtaari kò bá yí padà, tí ìdíwọ́ sì di ìlọ́po méjì, ìṣàn a di ààbọ̀, bí ìdíwọ́ bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìṣàn a di ìdámẹ́ta. Ó tẹ èyí jáde nínú ìwé ní ọdún 1827. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀, kò sì rí ipò tí ó dúró títí di ọdún 1833 tí a gbà á ní Nuremberg. Ní ọdún 1841 ni ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, ọdún 1852 ni ó sì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Munich, ọdún méjì péré kí ó tó kú. Àmọ́ òfin tí ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí rí ni gbogbo oníná ayé ń lò lónìí: fi áńpíà pín fóólìtì, óòmù ni yóò jáde.

Ẹnì kejì tí a kò lè ṣàìdárúkọ ni James Prescott Joule, ọmọ apọntí kan ní ìlú Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ká wáyà sínú omi, tí ó rán iná gba inú wáyà náà, tí ó sì wọn bí omi náà ti gbóná tó. Ní ọdún 1841 ó fi hàn pé bí ìṣàn inú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó yọ́ wáyà mi.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo orí tábìlì yìí. Kẹ́tùlù oníná nìyí. Ẹ̀rọ òǹkà méjì nìyí: ọ̀kan ń ka fóólìtì, èkejì sì ní ẹnu bí ti ẹ̀mú tí a fi ń gbá wáyà mú láìbó ike ara rẹ̀, ó sì ń ka áńpíà. Ẹni tí ó bá ń lò ó kí ó rántí pé okùn kan ṣoṣo nínú wáyà ni ó gbọdọ̀ gbá mú. Iná tí ń lọ gba inú okùn kan ni ó ń bọ̀ gba inú èkejì. Bí ẹ bá gbá méjèèjì mú pọ̀, lílọ yóò pa bíbọ̀ rẹ́, òdo ni ẹ̀rọ náà yóò sì kà, ẹ̀yin yóò sì rò pé kò sí iná.

Ẹ̀rọ kìíní kà 230, èyí tí í ṣe iye tí a là sílẹ̀ fún ilé gbígbé ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ẹ̀rọ kejì kà 10. Iye méjì ni a kà yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wá méjì yòókù. Fi 10 pín 230, yóò jẹ́ 23: ìdíwọ́ kẹ́tùlù náà jẹ́ 23 óòmù. Sọ 230 di púpọ̀ lọ́nà 10, yóò jẹ́ 2300: agbára rẹ̀ jẹ́ 2300 wáàtì. Ó parí. A kò tú kẹ́tùlù náà, a kò sì bi ẹni tí ó tà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi gílóòbù àtijọ́, èyí tí ó ní okùn tín-ín-rín nínú, rọ́pò rẹ̀. Fóólìtì ṣì jẹ́ 230, ṣùgbọ́n áńpíà jẹ́ 0.26 péré. Ìdíwọ́ rẹ̀ súnmọ́ 885 óòmù, agbára rẹ̀ sì súnmọ́ 60 wáàtì. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ìdíwọ́ rẹ̀ pọ̀ ni ó ń jẹ iná díẹ̀, ẹni tí ìdíwọ́ rẹ̀ kéré ni ó ń jẹ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdìkejì ni. Kí n sì fi ohun kan kún un: bí ẹ bá wọn ìdíwọ́ gílóòbù yìí nígbà tí ó tutù, kò ní tó ìdámẹ́wàá 885 yẹn. Okùn inú rẹ̀ ń dí iná lọ́wọ́ sí i bí ó ti ń gbóná ni. Nítorí náà ni ìṣàn fi ń ya wọ inú rẹ̀ ní àkókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí gílóòbù fi sábà máa ń já ní àkókò náà gan-an.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀rọ òǹkà, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń kàwé. A máa ń kọ fóólìtì àti wáàtì sí ìdí tàbí ẹ̀yìn ohun èlò iná. Fi fóólìtì pín wáàtì, áńpíà ni yóò jáde. A kọ 1150 wáàtì sí ara áyọ́ọ̀nù mi. Fi 230 pín 1150, yóò jẹ́ 5: áńpíà 5 ni ó ń gbà. Fi 5 pín 230, ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 46 óòmù. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti mọ méjì nínú mẹ́rin, ibi yòówù kí ẹ ti mú wọn, méjì yòókù kò lè fi ara pamọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá lo ìmọ̀ yìí fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ilé. Gbogbo wa ni a mọ ọjọ́ tí iná wá ṣùgbọ́n tí kò tó, tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹyin iná. Ká ní ìtaari sọ̀kalẹ̀ láti 230 dé 115, èyí tí í ṣe ààbọ̀ rẹ̀. Kẹ́tùlù wa ṣì ní 23 óòmù. Nítorí náà ìṣàn di 5. Sọ 115 di púpọ̀ lọ́nà 5: 575 wáàtì. Ẹ wò ó! Ìtaari di ààbọ̀, ṣùgbọ́n agbára di ìdámẹ́rin. Omi tí ń hó ní ìṣẹ́jú 5 yóò gba 20, àní yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ooru ń sá jáde kúrò lára kẹ́tùlù ní gbogbo àkókò tí a ń dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun ń dín owó kù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Yúníìtì kan tí à ń san owó rẹ̀ ni 1000 wáàtì fún wákàtí kan. Ìdámẹ́rin agbára fún ìlọ́po mẹ́rin àkókò, iye yúníìtì kan náà ni, pẹ̀lú ooru tí ó ṣòfò lé e.

Ọ̀nà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Okùn mẹ́ta tí ó ní iná àti okùn kan tí àwọn oníná ń pè ní níútúrà ni ó sábà máa ń gba àdúgbò kọjá lórí òpó. Láàárín okùn oníná kan àti níútúrà, 230 fóólìtì ni ó wà. Láàárín okùn oníná méjì, 400 ni. Bí níútúrà bá já lórí òpó, ìtaari nínú àwọn ilé kan yóò lọ sílẹ̀, ti àwọn mìíràn yóò sì gòkè títí ó fi lè súnmọ́ 400. Fi 23 pín 400: ìṣàn ti lé ní 17. Sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 400: agbára ti súnmọ́ 7000 wáàtì, ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ṣe kẹ́tùlù náà fún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí gílóòbù ṣàdéédéé mọ́lẹ̀ rekọjá àlà, ẹ má ṣe yọ̀. Ẹ pa iná ilé láti ojú ìpaná ńlá, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bójú tó òpó.

Mo ní láti sọ ibi tí ìṣirò kékeré wa yìí ti ní ààlà. Ó péye fún ohun tí ń gbóná: kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná, gílóòbù olókùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní ẹ̀rọ tí ń yí nínú, bí fíríìjì, fáànù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, kò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí a bá sọ fóólìtì wọn di púpọ̀ lọ́nà áńpíà, iye tí ó jáde sábà máa ń ju wáàtì tí wọ́n ń lò ní tòótọ́ lọ, nítorí apá kan ìṣàn náà ń lọ ń bọ̀ láìṣe iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí, wọ́n a máa gba ìlọ́po púpọ̀ áńpíà tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn náà. Èyí ni ó fi ń ṣe ẹni tí ó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré ní kàyéfì pé ó lè gbé fíríìjì nígbà tí ó ti ń yí, ṣùgbọ́n kò lè mú un bẹ̀rẹ̀. Àti pé nígbà tí iná kò bá tó, kẹ́tùlù a dín ìṣàn tí ó ń gbà kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fíríìjì tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ lè gba ìṣàn sí i, kí ó gbóná, kí ó sì jó. Kẹ́tùlù lè fi ara da iná tí kò tó. Ẹ yọ fíríìjì kúrò nínú rẹ̀.

Ara ènìyàn náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Kì í dúró sójú kan: awọ gbígbẹ ń dí iná lọ́wọ́ púpọ̀, awọ tútù kì í sì í dí i tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ọwọ́ ẹnì kan tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tútù, tí ìdíwọ́ ara rẹ̀ fi wá sí 1000 óòmù. Fi 1000 pín 230, yóò jẹ́ 0.23 áńpíà. Ìṣàn tí ó kọjá 0.03 áńpíà nínú àyà ènìyàn ti léwu, ìwọ̀nba yẹn ni a sì ṣe àwọn ìpaná tí ń dáàbò bo ẹ̀mí láti já sí. Ẹ rántí gílóòbù wa: 0.26 ni ó gbà. Iná tí kò ju èyí tí ń tan gílóòbù kan lọ tó láti pa àgbàlagbà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún ọmọ rẹ̀ pé wáyà gílóòbù kò lágbára.

Nísinsìnyí a lè padà sí abẹ́ tábìlì mi. Nínú wáyà àfàgùn ọjọ́ náà, okùn bàbà tí ojú rẹ̀ tóbi tó 0.75 mílímítà onígun mẹ́rin ni ó wà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ru ju áńpíà 6 lọ. Mítà kan rẹ̀ ní nǹkan bí 0.026 óòmù. Wáyà náà gùn ní 20 mítà, ṣùgbọ́n okùn lílọ àti okùn bíbọ̀ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà 40 mítà ni iná ń rìn. Sọ 0.026 di púpọ̀ lọ́nà 40, yóò jẹ́ nǹkan bí óòmù 1. Ẹnikẹ́ni yóò wí pé óòmù 1 kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 23 kẹ́tùlù. Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Bí áńpíà 5 bá ń gba inú óòmù 1 kọjá, ìtaari tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà jẹ́ fóólìtì 5; sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà áńpíà 5, ooru wáyà náà jẹ́ 25 wáàtì. Bí ó bá di áńpíà 10, ìtaari tí ń ṣòfò di 10, ooru sì di 100 wáàtì. Ẹ rí ohun tí Joule rí: ìṣàn lọ́po méjì, ooru sì lọ́po mẹ́rin, nítorí pé nígbà tí ìṣàn bá pọ̀ sí i, ìtaari tí ń ṣòfò náà pọ̀ sí i pẹ̀lú rẹ̀, a sì ń sọ èkíní di púpọ̀ lọ́nà èkejì. Kẹ́tùlù ń fẹ́ 10, áyọ́ọ̀nù ń fẹ́ 5. Wáyà náà dí wọn lọ́wọ́ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ nǹkan bí 14 ni wọ́n rí gbà. Sọ 14 di púpọ̀ lọ́nà 14: 196 wáàtì. Ó ju ooru gílóòbù olókùn mẹ́ta tí ó jẹ́ 60 wáàtì lọ, a sì ká a jọ sí ojú kan níbi tí atẹ́gùn kò ti lè tù ú. Ṣé ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ó yọ́?

Ẹ̀yin yóò bi mí pé, fíúsì ńkọ́? Áńpíà 13 ni a kọ sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíúsì kì í já ní kété tí ìṣàn bá kọjá iye tí a kọ sí i. Ó lè ru 14 fún ìgbà pípẹ́. Àti pé iṣẹ́ fíúsì ni láti dáàbò bo wáyà. Fíúsì 13 kò sì lè dáàbò bo wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 6 lọ. Àwọn àgbà wí pé ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Fíúsì tí ó tọ́ sí wáyà ni ó yẹ kí a fi sí i, wáyà tí ó tọ́ sí ẹrù ni ó sì yẹ kí a rà. Ká ní mo ti sọ 230 di púpọ̀ lọ́nà 6 kí n tó lo wáyà náà, èmi ìbá ti mọ̀ pé kò lè gbé ju 1380 wáàtì lọ. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni ìbá ti rù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti àárọ̀ di ọ̀sán, n kò ṣe é nínú ilé mi.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó kéré jù wọ́n lọ, tí ó sì ń jó ilé. Ibi tí a ti so wáyà pọ̀, tàbí ojú iná ògiri tí irin inú rẹ̀ ti dẹ̀, ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Ká ní kò ju ààbọ̀ óòmù lọ. Bí áńpíà 10 bá ń gba ibẹ̀, fóólìtì 5 ni ó ń ṣòfò níbẹ̀, ooru rẹ̀ sì jẹ́ 50 wáàtì, ní ojú kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Irin náà yóò gbóná, yóò dípẹtà, ìdíwọ́ rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i, yóò tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ẹ bá rí ojú iná tí ó ti pọ́n, tàbí tí orí wáyà ń gbóná nígbà tí ẹ bá fà á yọ, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ pa iná, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo bẹ̀ yín láti ṣe kò pọ̀. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí ẹ yí àwọn ohun èlò tí ń gbóná padà, kí ẹ ka wáàtì wọn, kí ẹ fi 230 pín in, kí ẹ sì kọ áńpíà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ro gbogbo èyí tí ẹ ń so mọ́ wáyà kan pọ̀, kí ẹ sì fi í wé iye tí a kọ sára wáyà náà. Bí a kò bá kọ iye kankan sí i, ẹ má ṣe fi se omi. Bí ẹ bá ń lo wáyà àfàgùn fún ohun tí ń gbóná, ẹ tú u kalẹ̀ tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bó wáyà tàbí kí ẹ tú ojú iná láti wá áńpíà. Ìṣirò tí mo kọ́ yín lónìí, orí bébà ni a ti ń ṣe é, ìwúlò rẹ̀ gan-an sì ni pé a lè ṣe é kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun.

Wáyà tí ó yọ́ náà nìyí, mo mú un wá. Ẹ jẹ́ kí ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ó wà ní ara ògiri yàrá ìkàwé mi láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá bi mí pé kí ni ìwúlò ìsọdipúpọ̀, òun ni mo ń nà wọ́n sí.